Ìtàn Àwọn Ẹranko Tí A Ṣí Nípò, àti Àrùn Tí Ó Bá Wọn Rìn

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, ní Sẹkọnà lẹ́bàá Ẹdẹ

Oríta ni Sẹkọnà yìí jẹ́. Ẹni tí ó ti Gbọ̀ngán bọ̀, tí ó ń lọ sí Ẹdẹ àti Òṣogbo, ibí ni yóò gbà kọjá. Ẹni tí ó sì ti Ẹdẹ bọ̀, tí ó ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ibí ni yóò ti yà. Ará oríta kò lè ṣe aláìmọ ohun tí ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Ẹ ń rí ọkọ̀ tí ó kó màlúù láti Òkè Ọya. Ẹ ń rí àgò adìẹ lórí mọ́tò. Ẹ sì ń rí ẹni tí ó na òkété àti ọ̀yà sókè lẹ́bàá ọ̀nà kí èrò ọkọ̀ lè rà á. Ohun tí ẹ kò lè rí ni ohun tí ó wà nínú ara àwọn ẹranko wọ̀nyí, tí kò sanwó ọkọ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Nípa èrò tí kò sanwó ọkọ̀ yìí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé ara wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, a ra adìẹ mẹ́ta lọ́jà, a sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn mọ́kànlá tí a ti ń sìn tẹ́lẹ̀. Ara àwọn mẹ́ta náà ń dán; kò sí ẹni tí ó lè rí àbùkù kan lára wọn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn adìẹ àtijọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, wọ́n ń ṣu omi, ọrùn wọn sì ń lọ́. Nígbà tí ọdún fi dé, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kù nínú mọ́kànlá, àwọn àlejò mẹ́ta sì ń jẹ àgbàdo wọn lọ ní tiwọn. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ gbọ́, ó sì wí fún wa pé, "Bàbá, ẹ ò ṣe bi mí? A kì í da àlejò adìẹ mọ́ onílé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀ bá so ó mọ́lẹ̀ lọ́tọ̀ ná, kí ẹ wò ó." Ìwé kíkà wa kò kọ́ wa ní ohun tí ìyá yìí mọ̀ láìjókòó ní kíláàsì. Gbogbo ohun tí a ó sọ lónìí, àlàyé lásán ni lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní àkókò tiwa, ọ̀pọ̀ ẹranko igbó ni ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ilẹ̀ ayé. Igbó tí wọ́n ń gbé ti di oko àti ilé, ìbọn sì ti pọ̀. Nítorí náà àwọn tí àánú ẹ̀dá ń ṣe a máa mú ìwọ̀nba tí ó kù, wọn a gbé wọn lọ sí ibi tí ó ní ààbò, tàbí kí wọ́n sìn wọ́n nínú ọgbà títí wọn yóò fi bí sí i, kí wọ́n sì dá wọn padà sí igbó. Iṣẹ́ rere ni èyí, a kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ kan láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́rìí pé iṣẹ́ rere yìí lè di ìparun bí a bá fi ìwàǹwára ṣe é. Ẹni tí ó bá gbé ẹranko kan, ó gbé gbogbo ohun tí ń gbé inú rẹ̀. Ó sì tọ́ kí ó tú ẹrù náà wò kí ó tó gbéra.

Àwọn baba wa mọ apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí kí ìwé tó dé. Gbogbo wa ni a gbọ́ pé ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́ Ilé. Láti àríwá, ní ìhà Tápà àti Haúsá, ni a ti ń ra àwọn ẹṣin náà. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn; ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kó wọn wọ igbó ní ìhà gúúsù, wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó kú. Kì í ṣe pé igi kò jẹ́ kí wọ́n lè sáré nìkan. Eṣinṣin kan ń bẹ nínú igbó, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní tsetse, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, tí ó sì ń gbin kòkòrò àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹṣin tí kòkòrò yìí bá wọ ara rẹ̀ yóò máa rù títí yóò fi ṣubú. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ kò fi lè ráyè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹdẹ tí ó wà lẹ́bàá wa yìí, ìlú Tìmì, ìtàn sọ pé Ọ̀yọ́ ni ó fi í sí ẹnu ààlà láti dá àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń kọlu àwọn ọlọ́jà lẹ́kun. Ààlà ìjọba ni, ó sì súnmọ́ ibi tí igbó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í di.

Ẹ kíyè sí i pé ẹfọ̀n àti ìgalà ń gbé inú igbó, eṣinṣin náà ń jẹ wọ́n, kòkòrò náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, síbẹ̀ wọn kò rù. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń bá a gbé, ara wọn sì ti bá a mu. Nítorí náà àìrí àìsàn lára ẹranko kì í ṣe ẹ̀rí pé àrùn kò sí nínú rẹ̀. Bí ó ti rí pẹ̀lú àwọn adìẹ wa nìyẹn. Ọ̀nà méjì ni ewu yìí sì máa ń gbà wá: àrùn ilẹ̀ lè pa àlejò, bí ó ti pa ẹṣin Ọ̀yọ́, àrùn àlejò sì lè pa onílé. Ọ̀nà kejì yìí ni ó burú jù, nítorí pé kì í dúró ní ẹsẹ̀ ilé kan.

Ní 1887 àwọn ará Ítálì tí ń jagun ní etí Òkun Pupa kó màlúù wá sí èbúté Massawa, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Eritrea lónìí, kí ọmọ ogun wọn lè rí ẹran jẹ. A gbà pé láti Íńdíà ni màlúù náà ti wá, àti pé àrùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní rinderpest wà nínú wọn. Àrùn yìí a máa mú ibà, a máa sọ ẹnu di egbò, a sì máa mú ìgbẹ́ gbuuru títí ẹran yóò fi kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn màlúù ilẹ̀ Áfíríkà kò tí ì bá a pàdé rí. Ní Etiópíà a ṣírò pé mẹ́sàn-án nínú màlúù mẹ́wàá ni ó kú. Kò sí akọ màlúù tí yóò fa ohun ìtúlẹ̀, oko kò ṣeé ro, ìyàn ńlá sì mú láti 1888 títí dé 1892. Àrùn náà kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó sì wọ inú agbo àwọn Fúlàní ní apá ibi tiwa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890. Ó kọjú sí gúúsù, ó rékọjá odò Zambezi ní 1896, ó sì dé ilẹ̀ Cape, ní ìpẹ̀kun Áfíríkà, ní 1897.

Kì í ṣe màlúù nìkan ni ó pa. Ẹfọ̀n kú lọ bẹẹrẹ, àgùnfọn kú, oríṣiríṣi ẹran onípátákò tí ń gbé inú igbó àti ọ̀dàn sì kú pẹ̀lú wọn. Ẹran tí a gbé wọ inú ọkọ̀ ojú omi fún oúnjẹ ọmọ ogun ni ó sọ igbó Áfíríkà di ahoro. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó gbèrò ibi sí igbó Áfíríkà. Ẹni tí ó ra màlúù náà, ẹran ni ó rà.

Ẹnìkan lè wí pé, "Àwọn wọ̀nyẹn kò bìkítà fún ẹranko igbó, bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ gbà wọ́n là ni, yóò ṣọ́ra." Nítorí ẹni tí ó bá wí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fẹ́ mú ìtàn Kánádà wá.

Ẹranko kan ń bẹ ní Amẹ́ríkà ti Àríwá tí ó jọ ẹfọ̀n wa, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ kún, èjìká rẹ̀ sì ga bí òkìtì. Bison ni orúkọ rẹ̀. Ní àtijọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye wọn ni ó wà ní pápá ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìbọn pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí a kà wọ́n ní 1889, iye tí a rí kò ju ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀ lọ. Ní 1907 ìjọba Kánádà ra agbo kan lọ́wọ́ Michel Pablo, darandaran kan ní Montana, wọ́n sì fi wọ́n sí ọgbà ńlá kan ní Wainwright ní ìpínlẹ̀ Alberta. Àwọn ẹranko náà bí sí i, wọ́n rẹ̀ sí i, títí koríko ọgbà náà kò fi tó wọn mọ́. Ṣùgbọ́n àrùn ti wọ àárín wọn. Nígbà tí a bá pa lára wọn, a ń rí ikọ́ ife nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn, irú èyí tí màlúù máa ń ní.

Kí ni kí a ṣe sí ẹranko tí ó ti pọ̀ jù? Bí a bá pa wọ́n, ariwo yóò ta, nítorí pé owó ìlú ni a fi gbà wọ́n là. Ní apá òkè ilẹ̀ náà, ọgbà mìíràn wà tí a dá sílẹ̀ ní 1922, tí ń jẹ́ Wood Buffalo, níbi tí bíi 1,500 bison inú igbó, irú èyí tí ó ṣọ̀wọ́n jù, ń gbé ní àlàáfíà. Ìjọba pinnu láti kó àwọn ti Wainwright lọ síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko kọ̀wé, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní àrùn yóò bá wọn lọ. Ìjọba dáhùn pé àwọn ọmọdé ẹran ni a ó mú, àrùn kò sì tí ì mú ọmọdé. Láàárín 1925 àti 1928, a kó bison 6,673 nínú ọkọ̀ ojú irin, a sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí odò dé ọgbà náà. A kò yẹ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wọ ọkọ̀.

Ikọ́ ife bá wọn dé ibẹ̀, àrùn mìíràn tí ń mú oyún wálẹ̀ lára abo ẹran sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Méjèèjì ràn mọ́ àwọn onílé, wọ́n sì wà nínú agbo náà títí di òní, ó sì ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1990 ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba yàn dámọ̀ràn pé kí a pa gbogbo agbo náà run, kí a sì fi àwọn tí ara wọn dá rọ́pò wọn, kí àrùn má baà ràn mọ́ màlúù àwọn àgbẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ìgbé ayé wọn rọ̀ mọ́ ẹranko náà kọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn sì bá wọn kọ̀. A kò ṣe é. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé. Àwọn tí ó gba ẹranko là ní 1907 kò rò pé ọjọ́ kan yóò dé tí àwọn tí ó jókòó sípò wọn yóò máa jiyàn bóyá kí a pa gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó sì fa àríyànjiyàn náà kò ju àyẹ̀wò tí a kò ṣe ní ẹnu ọ̀nà lọ.

A kò sì lè wí pé àwọn ará ìgbà náà kò mọ̀wé ni, nítorí pé irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìgbà ayé tiwa, láàárín àwọn tí ó mọ̀wé gan-an. Ní erékùṣù Mallorca ti ilẹ̀ Sípéènì, ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan ń bẹ tí akọ rẹ̀ máa ń so ẹyin mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí wọn yóò fi pa. Egungun rẹ̀ láti ayé àtijọ́ ni a kọ́kọ́ rí, a sì rò pé ó ti run tipẹ́. Lẹ́yìn náà ni a rí àwọn díẹ̀ tí ó wà láàyè nínú kòtò omi àárín òkè. A kó nínú wọn lọ sí ilé ìtọ́jú ẹranko, a sìn wọ́n, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọmọ wọn padà sí ilé. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìtọ́jú náà, a ti ní àkèré kan tí òun pẹ̀lú fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí a mú wá láti ìhà Cape ní gúúsù Áfíríkà. Àrùn awọ kan wà tí ń pa ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré. Ohun tí ń fà á jẹ́ ìbátan olú inú igbó àti ohun tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2008 fi hàn pé ó dájú tó pé inú ilé ìtọ́jú yìí ni àrùn náà ti ran àwọn ọ̀pọ̀lọ́, tí ó sì bá àwọn tí a dá padà ní 1991 wọ inú omi Mallorca. Áfíríkà àti Mallorca kò lè bá ara wọn pàdé láéláé, bí kì í bá ṣe pé ènìyàn fi àánú kó wọn sábẹ́ òrùlé kan.

Ọ̀rọ̀ àkèré yìí kàn wá ju bí ẹ ti rò lọ. Àrùn kan náà ti wà ní Nàìjíríà. A ti rí i lára àkèré ní igbó Òkómù lẹ́bàá Benin. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ibí kọjá Àgbádárìgì lọ sí Dàhómè àtijọ́ àti Tógò, a ó dé ibi tí igbó ti já, tí ọ̀dàn sì sọ̀ kalẹ̀ dé etí òkun. Àwọn onímọ̀ tí ó wá àrùn náà ní ìwọ̀ oòrùn ọ̀dàn yìí kò rí i, bí wọ́n ti kọ ọ́ ní 2013. Ó dàbí ẹni pé ọ̀dàn náà ni odi tí ó dáàbò bo àwọn àkèré Gánà, Ivory Coast àti Làìbéríà. Odi tí ẹsẹ̀ àkèré kò lè gùn ni. Ṣùgbọ́n garawa omi kan nínú mọ́tò lè gba orí rẹ̀ kọjá ní wákàtí mẹ́ta.

Bí ẹnìkan bá ń rò ní ọkàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹranko àti ẹranko ni gbogbo èyí, tí kò kan ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn òkété fún un. Ní oṣù kẹrin 2003 ọkọ̀ òfurufú kan kó bíi 800 ẹranko kéékèèké láti Gánà lọ sí Texas ní Amẹ́ríkà, kí àwọn ọlọ́jà lè tà wọ́n fún àwọn tí ó fẹ́ sin wọ́n nínú ilé. Òkété wà nínú wọn, ọ̀kẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, òòrẹ̀ àti oríṣi eku mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àrùn tí à ń pè ní mpox, ìbátan ìgbóná, wà lára àwọn kan nínú wọn. Ní ilé ọlọ́jà kan ní Illinois, a fi wọ́n sí tòsí ẹranko inú ihò kan tí ó jọ ọ̀kẹ́rẹ́ títóbi, tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní prairie dog. Àrùn náà ràn mọ́ prairie dog. A ta prairie dog fún àwọn onílé. Àwọn onílé gbé e fún ọmọ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣàìsàn jẹ́ ọmọdé tí ẹranko náà bù jẹ. Ní ìkẹyìn ènìyàn 47 ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni a kà mọ́ àwọn tí ó ní àrùn náà tàbí tí ó jọ pé wọ́n ní i. Kò sí ẹni tí ó kú nínú wọn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nínú oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de kíkó eku àti ìbátan rẹ̀ wọlé láti Áfíríkà.

Bí a ti ṣe mọ àrùn yìí pàápàá, ìtàn ẹranko tí a ṣí nípò ni. Ní 1958, nínú ilé ìwádìí kan ní Copenhagen ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, egbò bo ara àwọn ọ̀bọ tí a kó wá láti Singapore, a sì fi orúkọ ọ̀bọ pe àrùn náà. Ọ̀bọ kò jẹ̀bi. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ ń fura sí eku àti ọ̀kẹ́rẹ́ igbó Áfíríkà pé ọ̀dọ̀ wọn ni ibùgbé rẹ̀ gan-an. Òkété pẹ̀lú kò jẹ̀bi. Nínú ihò rẹ̀, òkété kò mọ ọ̀nà Texas. Ènìyàn ni ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un.

Ẹ̀yin ará, bí ọ̀ràn bá rí báyìí, ṣé kí a jẹ́ kí ẹranko tí ó fẹ́ run kú síbi tí ó wà ni? Rárá. Ìtàn kan náà tí ó fi àṣìṣe hàn wá fi àtúnṣe hàn wá pẹ̀lú. Ní Kánádà, a kó bison inú igbó díẹ̀ jáde kúrò ní Wood Buffalo ní 1965, a sì mú wọn lọ sí ọgbà Elk Island. Àrùn wà lára àwọn kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ a yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, a mú àwọn tí ó ní àrùn kúrò, a sì ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀, títí agbo náà fi mọ́. Láti inú agbo tí ó mọ́ yìí ni a ti ń kó bison lọ sí ibòmíràn láti ìgbà náà wá. Ní Mallorca, a gbọ́n omi kòtò, a fi oògùn wẹ àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, a sì fọ àpáta tí ó yí omi ká. Ní 2015 a lè kéde pé àrùn náà ti kúrò nínú àwọn kòtò tí a tọ́jú bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ ni èyí gbà, nítorí kòtò omi mélòó kan.

Nítòsí wa, ní ilẹ̀ Nijẹ́ẹ̀, àgùnfọn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kù sí 49 ní 1996. A dáàbò bò wọ́n títí wọ́n fi ju 600 lọ. Ní 2018 a mú mẹ́jọ nínú wọn láti Kouré lọ sí Gadabedji, ìrìn bíi 800 kìlómítà, kí ó má baà jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. A kò mú wọn ní àárọ̀ kí a sì gbéra ní ọ̀sán. A kọ́kọ́ kó wọn sínú ọgbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ara wọn lè balẹ̀ fún ìrìn àjò náà. Ìbẹ̀rù àti àárẹ̀ ọ̀nà a máa sọ ara ẹranko di aláìlera, àrùn tí ó ti sùn nínú rẹ̀ a sì jí.

Rinderpest tí ó ba Áfíríkà jẹ́ ńkọ́? A dá ilé ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom lẹ́bàá Jọs ní 1924, níbi tí a ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún màlúù. Ní 1960 Walter Plowright ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ṣe irú abẹ́rẹ́ kan tí ó dára ju gbogbo ti ìṣáájú lọ. Àrùn náà tún jà gidigidi ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí a ti rò pé ó tán, tí ìṣọ́ra sì ti dẹ̀. Ibi ìkẹyìn tí a ti rí i ní gbogbo ayé ni ara ẹfọ̀n inú ọgbà Meru ní Kẹ́ńyà, ní 2001. Ní 2011 a kéde pé ó ti tán pátápátá ní ilẹ̀ ayé. Lẹ́yìn ìgbóná tí a kéde òpin rẹ̀ ní 1980, òun ni àrùn kejì tí ọmọ ènìyàn ṣẹ́gun bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé èrò kan tí kò sanwó ọkọ̀ ní 1887 ni ó gba ọdún 124 kí a tó lè lé e jáde.

Ọgbọ́n tí a rí kọ́ nínú gbogbo èyí kò pọ̀, kò sì le. Èkínní, kí a bèèrè bóyá ó pọn dandan kí ẹranko náà kúrò níbi tí ó wà. Èkejì, kí a yà á sọ́tọ̀ fún ìgbà kan. Kì í ṣe ohun titun fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì. Nínú ìwé Léfítíkù, ẹni tí àpá àrùn bá hàn lára rẹ̀, àlùfáà a máa sé e mọ́ fún ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà kí ó tún un wò. Ní 1377 ìlú Ragusa ní etí òkun Adriatic pàṣẹ pé kí àwọn tí ó ti ìlú àjàkálẹ̀ àrùn bọ̀ dúró lóde fún ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìlú mìíràn sọ ọ́ di ogójì. Ẹ̀kẹta, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ àti awọ rẹ̀ wò, nítorí pé ojú lásán kò tó. Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe da oríṣi ẹranko tí Ẹlẹ́dàá kò kó jọ pọ̀ mọ́ ara wọn nínú ilé kan. Ẹ̀karùn-ún, lẹ́yìn tí a bá tú u sílẹ̀, kí a máa ṣọ́ ọ. Ní 2014 àjọ tí ń rí sí ìlera ẹran ní gbogbo ayé àti ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá jọ tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ọ̀nà wọ̀nyí lélẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bí ìyá àgbà tí ó bá wa wí bá lè ka ìwé náà, yóò rẹ́rìn-ín.

Kí ni ó kan ará Sẹkọnà nínú èyí? Ó kàn án púpọ̀. Bí ọdẹ bá pa ìyá ọ̀bọ, tí ó sì gbé ọmọ rẹ̀ wá sí oríta láti tà, ẹ má ṣe rà á fún àwọn ọmọ yín láti fi ṣeré. Owó tí ẹ fi ṣàánú ọ̀kan yóò mú kí a pa ìyá mìíràn, ẹ kò sì mọ ohun tí ó gbé wá sínú ilé. Ẹ má ṣe jẹ ẹran tí ẹ bá níbi tí ó kú sí, tàbí èyí tí ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹran bá ń kú lọ́nà tí kò ṣe déédéé, ẹ sọ fún oníṣègùn ẹran; ẹ má ṣe sáré kó àwọn tí ó kù lọ sí ọjà mìíràn, nítorí pé ọ̀nà tí àrùn ń gbà dé ìlú kejì nìyẹn. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, àwọn aládùúgbò wọn sì dákẹ́. Ẹ má ṣe dákẹ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ó sì tún kan àwọn ọmọ wa. Igbó ilẹ̀ wa ti ṣófo. Àwọn erin díẹ̀ ṣì wà ní igbó Ọmọ àti ní Òkómù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí ní oríta yìí kò ní rí erin rí àfi nínú àwòrán. Àdúrà wa ni pé kí ọjọ́ kan dé tí àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò ní agbára àti ìfẹ́ láti dá ẹranko padà sí igbó tí àwa sọ di ahoro. Ní ọjọ́ náà, ọ̀nà oríta yìí ni ọkọ̀ tí ó gbé ẹranko náà lè gbà kọjá. Kí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ náà jẹ́ ẹni tí ó ti gbọ́ ìtàn Wainwright. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ayọ̀ mú wọn kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ni í le koko.

Àwa fúnra wa ti ra adìẹ mìíràn láti ìgbà náà. A so wọ́n mọ́ abẹ́ igi ọsàn ní ẹ̀yìn ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ń gbé omi wọn lọ́tọ̀, a sì ń fọ ọwọ́ wa kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onílé. Àwọn aládùúgbò fi wá ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n adìẹ wa kò kú.